Kí A Tó So Táńkì Omi Mọ́ Ìdí Hilux Wa

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ní kí n bá ìpàdé gbogbogbò sọ ni mo kọ síbí yìí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á lórí fóònù yín kí ẹ tó dìbò lórí owó tí a ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan kan. Bí mo bá pe tírélà, kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì lójú pópó o. Ọ̀kan tí ìyá àgbà kan gbọ́ pé tírélà ti dé, ó ní ta ni yóò wà á. Tírélà kékeré ni, kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ mìíràn ló máa ń fà á. Èyí tí àwọn ará wa ní London fi ránṣẹ́ ti wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìlú, a sì ti fẹ́ gbé táńkì omi oní 1000 lítà lé e lórí. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kànga ilé ìwòsàn wa máa ń gbẹ, àwọn aláboyún ló sì ń ru omi wá fúnra wọn tí wọ́n bá fẹ́ bímọ. Hilux ẹgbẹ́ wà nílẹ̀, tírélà wà nílẹ̀. Ohun tí yóò so méjèèjì pọ̀ ni kò sí.

Ní ìpàdé, àwọn kan ní kí la ń pariwo fún. Wọ́n ní kí a wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní oríta, kó jó bọ́ọ̀lù irin mọ́ bọ́mpà, kí rewáyà lọ́ wáyà méjì mọ́ra, ó tán, kí ilẹ̀ tó ṣú omi á ti dé ilé ìwòsàn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, owó ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ò ti gbà.

Ẹ bá mi ṣírò o. Lítà omi kan, kílò kan ni. 1000 lítà, 1000 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà omi nìkan jẹ́ ogún àpò. Tí tírélà àti táńkì òfìfo bá tó 300 kílò, ó di àpò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bọ́mpà ẹ̀yìn tó wà lára Hilux tiwa, páànù tí wọ́n tẹ̀ ni, wọn ò ṣe é fún ẹrù fífà. Tí ọkọ̀ bá já sínú kòtò, tí táyà tírélà náà tún já sí i, ẹrù yẹn á fa ìdí ọkọ̀ sẹ́yìn, á tún tì í síwájú, lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ọjọ́ kìíní ni bọ́mpà á já. Á kọ́kọ́ là díẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà níbi tí ojú ò tó. Ọjọ́ tó bá já tán, ó lè jẹ́ orí òkè tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà ni, lọ́jọ́ ọjà.

Ohun tí a fẹ́ ni tow bar tí wọ́n ṣe fún irú Hilux tiwa gan-an, tí apá rẹ̀ méjèèjì máa ń di ṣáásí mú. Ihò ti wà lára ṣáásí láti ilé iṣẹ́, bóòtù ni wọ́n fi ń dì í, kò sí pé à ń jó o. Bóòtù náà kì í ṣe èyíkéyìí tí ẹ bá rí nínú agolo mẹkáníìkì o. Ẹ wo orí rẹ̀: ó yẹ kí 8.8 tàbí 10.9 wà níbẹ̀. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan, ẹ dá a padà fún un. Iná wẹ́dà máa ń pa agbára irin ṣáásí lára níbi tó bá ti jó o, ó sì tún lè ba brain box ọkọ̀ jẹ́ tí wọn ò bá yọ orí bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tí ó fa ẹrù, kí a tún padà lọ fi sípánà tẹ gbogbo bóòtù náà wò, torí wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ bí irin bá ti jókòó.

Bọ́ọ̀lù náà wá ńkọ́? Tírélà tó wá láti London, 50 mílímítà ni bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, ínǹṣì 2 ló wọ́pọ̀, ìyẹn 50.8 mílímítà, wọ́n tún ní ínǹṣì 1⅞ tó kéré jùyẹn lọ. Ẹ lè ní kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá gbé ẹnu tírélà London lé bọ́ọ̀lù 1⅞, á dé e, ẹ ó gbọ́ "kó", ẹ ó rò pé ó ti wọlé. Á fò jáde lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Houston tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi tírélà kejì ránṣẹ́, a dúpẹ́ o, àmọ́ ẹ ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lórí ẹnu rẹ̀ fún wa kí ẹ tó gbé e sínú kọ̀ǹténà.

Mo wá dé orí wáyà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn rewáyà wa tó wà lórí pèpéle yìí tẹ́tí sí jù.

Pulọ́ọ̀gì tírélà London ní ẹsẹ̀ méje. Wáyà yẹ́lò ni tráfíkétọ̀ òsì, gíríìnì ni ti ọ̀tún. Pupa ni bíréèkì. Dúdú ni iná ẹ̀yìn ní òsì, búráùn ni ti ọ̀tún. Funfun ni earth. Búlúù ni iná kùrukùru; àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà wa ní oṣù ọyẹ́ ò ní fi í sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà kéékèèké, wáyà mẹ́rin péré: funfun ni earth, búráùn ni iná ẹ̀yìn méjèèjì, yẹ́lò ni òsì, gíríìnì ni ọ̀tún. Bíréèkì wá dà? Kò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gílóòbù kan náà ló ń ṣe tráfíkétọ̀, tó tún ń ṣe bíréèkì. Hilux tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, tráfíkétọ̀ rẹ̀ dá dúró, bíréèkì rẹ̀ dá dúró. Tí rewáyà bá fi yẹ́lò mọ́ yẹ́lò, tó fi gíríìnì mọ́ gíríìnì, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́ pé tráfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó máa rántí tẹ bíréèkì wò. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn wa, táńkì ló ń wò, kò rí iná bíréèkì Hilux torí táńkì ti bò ó, kò sì sí iná lára tírélà. Àpótí kékeré kan wà tó ń da ìlà méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. A ò ní so tírélà Amẹ́ríkà kankan láìsí i.

Kò tún yẹ kí á já wáyà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kí á fi ti tírélà mọ́ ọn tààrà. Gílóòbù bíréèkì kan jẹ́ 21 wáàtì. Méjì jẹ́ 42, lórí bátìrì 12 fóòtì ìyẹn jẹ́ áńpíà mẹ́ta ààbọ̀, lórí wáyà tín-ín-rín tó ti ń gbé ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni kí á fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, kí ó ní fíúùsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì níbẹ̀, kí ó wọ inú rìlé. Wáyà ọkọ̀ á kàn máa pàṣẹ fún rìlé ni, bátìrì ló máa gbé ẹrù náà. Níbi tí wáyà bá ti pàdé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tàbí kí wọ́n fi irin ìdìwáyà tẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n wá fi rọ́bà tó máa ń sún bí iná bá rà á bò ó. Téèpù dúdú nìkan ò tó. Oòrùn á yọ́ ọn lóṣù kejì, òjò á wọ ibẹ̀ lóṣù kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àmì kan tí yóò gbà yín lọ́wọ́ owó tí àwọn kan ń gbà lásán. Tí ẹ bá tẹ tráfíkétọ̀ òsì, tí iná tírélà ń ṣẹ́jú ségesège, tí iná ẹ̀yìn náà ń bá a ṣẹ́jú, tàbí tí gbogbo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìmọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta gílóòbù fún yín. Earth ni. Iná ò rọ́nà lọ sílé, ó wá ń gba inú gílóòbù mìíràn kọjá. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà níbi tí wọ́n de wáyà funfun mọ́, ẹ dè é le, á tán. Kí wáyà funfun náà dé inú pulọ́ọ̀gì o, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé pé irin ti kan irin lórí bọ́ọ̀lù. Gírísì wà níbẹ̀.

Ní ti ẹrù, kí táńkì jókòó síwájú áásù táyà díẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni yóò bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Fún 1300 kílò, ó jẹ́ 130 sí 195 kílò. Tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn jù, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ìrù ajá, awakọ̀ ò sì ní lè dá a dúró. Táńkì ààbọ̀ burú ju táńkì kíkún lọ, omi á máa sáré síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ní 500 lítà làwọn fẹ́, ẹ jẹ́ kí a gbé táńkì kékeré kíkún.

Ní Britain, tírélà tí ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ bá lè ju 750 kílò lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Tiwa ní in: bí tírélà bá ti ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn ni bíréèkì náà ń mú. Okùn irin tín-ín-rín kan tún wà níwájú rẹ̀ tí àwọn ọmọ kan ti fẹ́ gé fi sá aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́ o! Okùn yẹn ni a ó so mọ́ tow bar. Bí tírélà bá já, òun ni yóò fa bíréèkì kó tó wọ ilé onílé.

Ohun tí a wá ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ fọwọ́ sí owó tow bar, bọ́ọ̀lù, wáyà, rìlé, àti táyà tuntun méjì, torí àwọn táyà tó bá a wá ti gbó. Tí owó ò bá tó lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi dúró. Títí dìgbà náà, àwa ọ̀dọ́ á máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn Hilux, a ti yan ara wa sí ọjọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, kò ní rìn lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí awakọ̀ tó ṣíná, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn tírélà kó máa ké padà sí i: òsì, ọ̀tún, bíréèkì, iná ẹ̀yìn.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a ó jáàkì Hilux sókè lábẹ́ igi ọdán iwájú gbọ̀ngàn kí á lè wọn ihò ṣáásí. Rewáyà, mẹkáníìkì, wẹ́dà, ẹ máa bọ̀. Akápò wa, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ wo bọ́mpà yẹn fúnra yín. A ó tẹ́ ẹní.