Ife Ìṣínu: Tíì Ewé àti Èròjà Nínú Ilé Mùsùlùmí

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun Allāh, Ọba tí ó dá ewéko, tí ó sì fi àǹfààní sínú rẹ̀ fún àwa ẹrú Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad (S.A.W.), àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ ìdáná lásán létí ẹlòmíràn. Ó lè bi mí pé, kí ni ó kan Ìmáàmù kan ife tíì? Ìdáhùn mi ni pé ohun àkọ́kọ́ tí ó ń wọ inú wa lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ kan kì í ṣe ohun kékeré. Ara tí a fi ń gba ààwẹ̀, tí a fi ń dúró kírun àṣámù, ohun ìfipamọ́ Ọlọ́hun ni lọ́wọ́ wa, a ó sì jíhìn rẹ̀.

1. HÀLÁL NÌKAN KÒ TÓ

Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 168, Ọlọ́hun pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n jẹ nínú ohun tí ó wà lórí ilẹ̀, èyí tí ó jẹ́ halāl tí ó sì jẹ́ tayyib. Ẹ kíyèsí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni Ọlọ́hun lò. Halāl ni ohun tí òfin gbà wá láyè láti jẹ. Tayyib ni ohun tí ó mọ́, tí ó dára, tí kì í pa ara lára. Omi tí ó ti bàjẹ́ kò di ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tayyib. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ kìíní, a kì í sì í bèèrè ìkejì.

Al-Qur’ān Alápọ̀n-ọ́nlé dárúkọ ata ilẹ̀. Ní Sūratul-Insān, āyah 17, Ọlọ́hun fún wa ní ìròyìn pé wọn yóò máa fún àwọn ará Ọgbà Ìdẹ̀ra ní ohun mímu tí a pò mọ́ zanjabīl, èyí tí í ṣe ata ilẹ̀. Ní Sūratun-Nahl, āyah 69, Ó sọ fún wa pé ìwòsàn wà fún àwọn ènìyàn nínú ohun tí ó ń jáde láti inú kòkòrò oyin. Imām al-Bukhārī sì gba hádíìsì wá pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ àfi kí Ó sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú.

2. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KÁNÒ NÍ 2021

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí Ramadan ọdún náà kù díẹ̀ kí ó wọlé, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kánò. Àwọn ènìyàn ń bì, wọ́n sì ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn kan sì pàdánù ẹ̀mí wọn. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ohun mímu ni wọ́n bá nídìí rẹ̀: ìyẹ̀fun kíkan kan tí àwọn Hausa ń pè ní ɗan tsami, tí àwọn kan ń dà sínú omi láti fún un ní adùn. Ìjọba kìlọ̀ fún ará ìlú, àjọ NAFDAC náà sì dá sí i.

Àwọn tí ó mu ún kò mu ọtí, wọn kò sì dẹ́ṣẹ̀ kankan. Òǹgbẹ ni ó ń gbẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú ife. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí, ẹ jẹ́ kí ohun mímu ilé yín jẹ́ ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣà, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fọ̀, tí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín sè.

3. OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÀRỌ́WỌ́TÓ WA

Àwa tí a ń gbé Sabon Gari kò ní àwáwí. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti bá ojú irin dé, tí wọ́n sì tẹ àdúgbò yìí dó kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ẹnu ọ̀nà ọjà ni a wà. Ata ilẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní citta, gúúsù Kàdúná ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá. Ìṣápá pupa, tí gbogbo wa mọ̀ sí zobo, oko ilẹ̀ Hausa níhìn-ín ni wọ́n ti ń kórè rẹ̀. Kànáfùrù ti òkè òkun wá, orúkọ rẹ̀ sì fi ọ̀nà tí ó gbà hàn: Lárúbáwá pè é ní qaranful, Hausa pè é ní kanumfari, àwa náà ń pè é ní kànáfùrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kirfa, èèpo igi olóòórùn dídùn, tí ó wá láti inú qirfa èdè Lárúbáwá. Ewé tíì sì ń hù nínú ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́yìnkùlé bí a bá gbìn ín. Efinrin náà kò ṣòro.

4. BÍ A ṢE Ń SÈ É

Tíì ata ilẹ̀ àti kànáfùrù: Ẹ mú ata ilẹ̀ tútù tí ó tó àtàǹpàkò kan, ẹ fọ ọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ fi kànáfùrù márùn-ún àti ẹ̀fọ́ kirfa kékeré kan kún un. Ẹ sè é nínú omi tí ó tó ife mẹ́rin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ dé e, kí òórùn rẹ̀ má baà bá èéfín lọ. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Tíì ewé: Ẹ fọ ẹ̀kúnwọ́ ewé tíì kan dáadáa, nítorí eruku Kánò kì í yọ ewé sílẹ̀. Ẹ já a sí wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi efinrin díẹ̀ sí i.

Zobo: Ẹ kọ́kọ́ ṣa òkúta àti pàǹtí kúrò, ẹ sì yára ṣàn án. Ẹ̀kúnwọ́ méjì tó fún omi lítà méjì. Ẹ fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sí i, kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Zobo kan, kíkan sì máa ń jẹ irin, nítorí náà ìkòkò tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí adùn rẹ̀ wá láti inú dàbínù tí ẹ rẹ tí ẹ sì lọ̀, tàbí láti inú ọ̀pẹ òyìnbó. Èyí tí ẹbí yóò mu tán ni kí ẹ sè. Bí iná bá lọ tí fíríìjì kò tutù, zobo àná kì í ṣe tayyib mọ́.

5. Ẹ̀TỌ́ ỌWỌ́ RẸ̀

Èkíní, ẹ jẹ́ kí súnnà ṣáájú. Ànábì (S.A.W.) máa ń fi dàbínù tútù ṣínu, bí kò bá sí, a fi gbígbẹ, bí kò bá sí, a mu omi. Lẹ́yìn Magíríbì ni kí tíì tẹ̀ lé e.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún ṣúgà. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé yóò sàn kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ, oyin pàápàá wà nínú ìṣirò náà, má ju nǹkan bí ṣíbí kékeré mẹ́fà lọ fún àgbàlagbà lójúmọ́. Ẹni tí ó fi ṣíbí mẹ́rin sínú ife kan, tí ó sì mu ife mẹ́ta kí ó tó sùn, ti mu ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá fi ọtí rẹ kì í ṣe tíì. Ìgò àgbo jẹ̀dí tí ògógóró wà nínú rẹ̀ kò di halāl nítorí pé ewé ni wọ́n kà sí i.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ó ń dùn mí jù: tíì kì í ṣe ìdípò oògùn dókítà. Lóòótọ́, ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 65 tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀. Ìfúnpá àwọn tí ó mu ife zobo mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò náà kì í ṣe ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí ó sì wálẹ̀ kò pọ̀. Kí ni a wá ń rí láàrin wa? Bí Ramadan bá ti wọlé, àgbàlagbà yóò gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ rẹ̀ sí orí pẹpẹ, yóò ní zobo ti tó, kí ààwẹ̀ òun má baà bàjẹ́. Kí oṣù tó tán, apá kan ara rẹ̀ ti lè rọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ta ni ó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Ọlọ́hun tí Ó ṣe ààwẹ̀ ní ọ̀ranyàn, Òun kan náà ni Ó yọ̀ǹda fún aláìsàn ní Sūratul-Baqarah, āyah 184, pé kí ó san án ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sì ní lọ, ìbọ́nilóúnjẹ wà fún un. Àánú Ọlọ́hun ni èyí, a kì í sì í ti àánú dànù. Ẹ lọ bá dókítà kí oṣù tó wọlé. Ọ̀pọ̀ oògùn ni ó ṣeé pín sí àkókò ìṣínu àti sàárì. Bákan náà, aboyún, ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àti ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó sọ tíì èròjà di ohun ojoojúmọ́. Ìlera ni oògùn ọrọ̀, òun náà sì ni ẹsẹ̀ tí a fi ń dúró níwájú Ọlọ́hun.

6. ÌPARÍ

Ẹbí mélòó ni ó ń gbé nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Sabon Gari? Bí ẹ bá sè é, ẹ bù fún yàrá tí ó kọjú sí tiyín. At-Tirmidhī gba hádíìsì wá pé ẹni tí ó bá fún aláàwẹ̀ ní ohun ìṣínu yóò gba irú ẹ̀san tirẹ̀, láìdín nǹkan kan kù nínú ẹ̀san aláàwẹ̀ náà. Ẹ má sì yọ aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò wà lọ́rùn wa. Ife ata ilẹ̀ kan kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n lọ́la.

Kí Ọlọ́hun Allāh gba ààwẹ̀ wa àti ìdúró òru wa. Kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Kí Ó kẹ́ àwọn tí ó ti ṣíwájú wa. Kí Ó fi halāl tí ó jẹ́ tayyib rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì fún wa mu nínú ohun mímu Ọgbà Ìdẹ̀ra tí a pò mọ́ zanjabīl. Āmīn.