Ẹnu Ẹni tí Ó Dákú



Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí á wá sọ ní Àgídìngbì yìí ni ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́, èyíinì ni ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà nítòsí ṣe fún ẹni tí àìsàn òjijì tàbí jàǹbá kọlù, kí dókítà tó dé. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ohun tí a lè sọ tán ní ìjókòó kan lọ. Nítorí náà a ó mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, tí a gbà pé ó ń ṣe ibi púpọ̀ láàárín wa: àṣà dída nǹkan sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwa kò ní ìfẹ́. Bí ènìyàn bá ṣubú lulẹ̀ ní ojú ọ̀nà Agége tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní ìhín yìí, kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti yí i ká. Ọ̀kan ń bu omi, èkejì ń wá ṣíbí, ẹ̀kẹta ń kígbe pé kí wọ́n fún un ní mílíìkì. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwàǹwára a máa pa ẹni tí jàǹbá kò pa. Ẹ kò lè gbàgbé ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù January, ọdún 2002, tí àwọn ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó kú, kì í ṣe bọ́ǹbù ni ó pa wọ́n. Wọ́n sá nínú òkùnkùn, wọ́n sì kó sínú odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Àfà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ọ̀fun ti rí. Ọ̀nà méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan ń lọ sí ikùn, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá, bí ó bá ń gbé omi mì, ọ̀fun rẹ̀ fúnra rẹ̀ a pa ọ̀nà èémí dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákú kò ní olùṣọ́ ní ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Omi tí a rò pé yóò tù ú lára, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó lè gbà lọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ gìrì fún ìgbà díẹ̀. Ibà gbígbóná lè mú kí gìrì mú ọmọ tí ó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ojú rẹ̀ a yí sókè, ara rẹ̀ a le, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ohun ẹ̀rù ni fún ìyá, a kò sì lè bá a wí bí ó bá ké. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú irú gìrì yìí a máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí gan-an ni àwọn kan ń fi ṣíbí la eyín ọmọ tí eyín fi ń kán. Àwọn mìíràn ń ta ata sí i lójú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Gìrì a lọ, ṣùgbọ́n àpá iná kì í lọ.

Èyí tí ó burú jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù, tí a ń fi ewé tábà tútù, aáyù, efinrin àti àwọn nǹkan mìíràn sí. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980. Wọ́n rí i pé a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a sì máa sọ èémí rẹ̀ di aláìlágbára. Oró tí ó wà nínú ewé tábà pàápàá lè fa gìrì. Oògùn tí a fi ń lé gìrì ni ó tún ń pe gìrì padà. Àwa fẹ́ràn ohun ìbílẹ̀ wa, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ràn ilé baba rẹ̀ a máa gbá a.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Kí á tẹ́ ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Kí á tú aṣọ tí ó fún un ní ọrùn, kí á gbé ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí á sì wo aago. Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí bí ó bá tún padà, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ó bá tilẹ̀ tètè dáwọ́ dúró, kí á gbé e lọ ní ọjọ́ náà, nítorí ibà tí ó fà á wà nínú ara síbẹ̀. Ní ti àdí tí ìyá àgbà fẹ́ fi pa ọmọ lára, a kò bá ìyá àgbà jà; kí ó ṣáà ní sùúrù kí ọmọ jí, kí àdí náà má sì gba ọ̀nà ẹnu.

Bákan náà ni fún àgbàlagbà tí wárápá gbé ṣubú nídìí iṣẹ́. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe sá fún un.

Kẹrosíìnì ni ó kàn. Ta ni nínú wa tí kò rí i rí nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn? Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ rò pé omi ni. Bí ó bá ti mu ún, epo pupa ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń ronú kàn, kí ọmọ lè bì. Èébì yìí gan-an ni ewu. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó sì ń yọ̀. Ibi tí ó ti ń ṣe ọṣẹ́ jù ni ẹ̀dọ̀fóró, bí ọmọ bá sì ń bì í ni ó ń rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Kí á má fún un ní epo pupa, kí á má fún un ní mílíìkì, kí á má ti ìka bọ̀ ọ́ ní ọ̀fun. Kí á bọ́ aṣọ tí epo náà kàn, kí á fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí á sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Ní ti iná àti ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ibi tí iná tàbí omi gbígbóná bá jó, omi tútù tí ń ṣàn ni kí á fi sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ògì, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn, kí á kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà. Kí á fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, kí á má sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ọbẹ̀ lórí iná. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 pa á láṣẹ pé kí àpótí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ wà ní gbogbo ilé iṣẹ́, ní ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ó wà níhìn-ín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wádìí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn a máa mú kí àwọn ènìyàn fi ẹni tí ó farapa sílẹ̀ ní títì: wọ́n rò pé ilé ìwòsàn yóò kọ̀ ọ́. Ẹ bá wa sọ fún wọn ní àgbàlá yín pé Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn kankan láti kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì; àti pé láti ọdún 2017 ni òfin ti sọ pé kí á tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, bí kò tilẹ̀ sí ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́mbà tí a fi ń pe ọkọ̀ aláìsàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 tàbí 767. Kí ẹni tí ó bá pè é kọ́kọ́ sọ orúkọ òpópónà àti ohun ńlá kan tí ó wà nítòsí, kí ó tó máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.