Owó Ìrànwọ́ Nígbà Tí Ọ̀dá Bá Pa Koríko: Ètò Ìjọba Amẹ́ríkà fún Àwọn Ọlọ́sìn Màlúù

Ọ̀dá kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ pa màlúù kó tó ba ọlọ́sìn jẹ́. Ní Texas, Oklahoma tàbí Nebraska, bí òjò bá kọ̀, tí koríko pápá gbẹ, ọlọ́sìn á máa ra oúnjẹ ẹran nígbà tó ti wọ́n gógó, tàbí kó ta lára agbo rẹ̀ lásìkò tí gbogbo aládùúgbò ń tà. Koríko tó ṣòfò yìí ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń san owó ìrànwọ́ lé lórí nínú ètò Livestock Forage Disaster Program (LFP).

Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún 2008 ló dá a sílẹ̀. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2011, nígbà tí ọ̀dá ń jó Texas lọ́wọ́; ọ̀dá ọdún 2012 sì gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láì sí ètò tó ń sanwó. Òfin ọdún 2014 ló sọ ọ́ di ètò àìlópin, ó sì ní kí wọ́n san ti àdánù láti oṣù kẹwàá ọdún 2011. Owó náà dé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ta abo màlúù tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà jọ kò lè rí irú wọn rà lọ́jà mọ́.

Àwòrán ilẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí yóò gbà. U.S. Drought Monitor, tí Yunifásítì Nebraska ní Lincoln àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jọ ń ṣe láti ọdún 1999, ń jáde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ gbogbo. Ó to gbígbẹ ilẹ̀ láti D0 dé D4. Bí ibikíbi nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan bá kan D3 lásìkò ìjẹko, owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta ni; D4 tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ń mú ti oṣù márùn-ún wá. D2 ní láti wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léraléra tẹ́lẹ̀ kó tó mú ti oṣù kan wá. Òfin ọdún 2025 dín in kù sí mẹ́rin.

Owó oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye oúnjẹ ẹran náà, tàbí ti iye ẹran tí pápá lè bọ́, èyí tó bá kéré jù. Owó àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹran tí ọ̀dá mú kí wọ́n tà náà ní owó tirẹ̀, ní ìdá 80 iye tí wọn ì bá san. Bí iná bá jó pápá ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n sì lé ẹran kúrò níbẹ̀, ìdá 50 ni, kò sì lè kọjá ọjọ́ 180.

Àǹfààní ètò yìí pọ̀: kò sẹ́ni tó ń dúró de àwọn aṣòfin mọ́, ọlọ́sìn kò sì ní láti fi ẹ̀rí koríko tó kú hàn lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ààlà òjò. Ẹni tí igun tirẹ̀ tutù lè gbà, kí ẹni tó wà ní òdìkejì ààlà má gba nǹkan kan. Ayálégbé tó ń san owó pápá lórí ìwọ̀n tí ẹran rẹ̀ fi sanra kò sí nínú rẹ̀ rárá. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí àtúnṣe tó ń bọ̀ kọ́kọ́ rántí.