Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ń Fà Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Ẹ̀yin awakọ̀ wa ní Òsí àti Ìlọ́fà, bí ọkọ̀ yín bá ń yà lọ sínú igbó, ẹ má tíì náwó.

Ẹ kọ́kọ́ wo títì. Wọ́n máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àárín lọ kí omi òjò lè ṣàn dànù. Apá ọ̀tún la sì ti ń wakọ̀ láti 1972, nítorí náà, fífà díẹ̀ sọ́tùn-ún kì í ṣe àrùn.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà iwájú tó bá rọ̀ ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Bí afẹ́fẹ́ bá dọ́gba, kí fọkanáísà gbé táyà iwájú ọ̀tún sósì, ti òsì sọ́tùn-ún, àfi èyí tó bá ní ọfà ìyípo lára. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sódìkejì, táyà ni.

Bíréèkì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, tó wá já gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ti tẹ bíréèkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èrò sí i. Kálípà kan lè ti gan.

Bó bá jẹ́ kòtò lẹ já sí, kí mẹkáníìkì mi bọ́ọ̀lù jọ́ìnì wò kó tó ṣe aláímẹ́ǹtì. Bí ibẹ̀ bá mì, owó aláímẹ́ǹtì ti wọgbó.