Kòkòrò Rọmọlápá-Rọmọlẹ́sẹ̀ Tí Wọ́n Rán Sí Jẹjẹrẹ Ọpọlọ

Ìyá tó bá ti tọ́mọ nílẹ̀ yìí mọ àwọn tó máa ń gbé kúlà káàkiri ojúlé dáadáa. Wọ́n á ní kí ọmọ yanu, wọ́n á kán oògùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi yíǹkì kun èékánná rẹ̀ kí wọ́n má baà tún fún un, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri kí wọ́n tó kọjá sílé kejì. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ rìn. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè wa, Nàìjíríà, ló gbẹ̀yìn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kòkòrò tá a fi gbogbo agbára lé lọ yìí ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà mú, tí wọ́n tún un tò, tí wọ́n sì fà á sínú ọpọlọ àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" níbi tó jókòó sí. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́.

Oríṣiríṣi ni jẹjẹrẹ ọpọlọ. Èyí tó le jù, tó sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọlọ àgbàlagbà, ni glioblastoma. Wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi ìtànṣán jó o, wọ́n á fún aláìsàn lóògùn. Síbẹ̀, nǹkan bí ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni ìdajì àwọn tó ní in fi ń kú. Àrùn náà dà bí ẹ̀kan inú oko: ẹ hú èyí tẹ́ ẹ rí tán, gbòǹgbò tó ti yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ á tún yọrí níbòmíì. Nínú oko, èèyàn lè tú gbogbo ilẹ̀. Nínú ọpọlọ ńkọ́? Ibi tá a fi ń sọ̀rọ̀, ibi tá a fi ń gbápá, ibi tá a fi ń rántí orúkọ ọmọ wa, ìtòsí ara wọn ni gbogbo wọn wà. Dókítà ò lè máa fọ̀bẹ wá gbòǹgbò kiri níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n gbèjà wa, kì í sì í tètè fura. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni náà ló daṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbàṣẹ. Glioblastoma tún mọ bó ṣe ń pa àwọn ọmọ ogun náà lẹ́nu mọ́.

Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò tó ń fa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ti wúlò. Fáírọ́ọ̀sì ò lè dá pọ̀ sí i. Àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kó fi agbára sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ sí i, nígbà míì títí sẹ́ẹ̀lì fi máa bẹ́. Kó tó wọlé, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ rí dìrọ̀ mọ́. CD155 ni orúkọ èyí tí kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń wá. Ó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń pàṣẹ fún apá àti ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi ń sọ ọmọ di arọ. Ó sì pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì glioblastoma.

Matthias Gromeier, ọmọ Jámánì tó ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Duke nílùú Durham, North Carolina, ti ń lépa èrò yìí láti àwọn ọdún 1990. Kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Sabin ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ wa lẹ́nu, ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó yọ ibì kan nínú ohun àbínibí kòkòrò náà, ìyẹn ibi tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun èlò fún fáírọ́ọ̀sì, ó wá fi ti kòkòrò ọ̀fìnkìn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fìnkìn tí gbogbo wa ń ní nígbà ọyẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àṣẹ tuntun yìí kì í múlẹ̀. Kòkòrò á wọlé, kò ní rí nǹkan kan ṣe. Nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àṣẹ á múlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. PVSRIPO ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò mọ orúkọ sọ rárá.

Ọ̀bọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá á rọ̀ wọ́n lápá rọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún èèyàn lọ́dún 2012. Wọ́n á kọ́kọ́ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà, kí ìyókù ara lè wà lábẹ́ ààbò. Wọ́n á wá lu ihò kékeré sí agbárí, wọ́n á ki ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ títí dé inú kókó jẹjẹrẹ náà, oògùn á sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò kún ṣíbí ìpotíì kan, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ló sì ń gbà kó tó wọlé tán.

Èèyàn lè rò pé kòkòrò náà ló ń jẹ jẹjẹrẹ tán. Rárá o. Ìwọ̀nba ni èyí tó ń pa. Àwọn olùwádìí gbà pé ariwo tó ń dá sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ó pẹ́ tí ara èèyàn ti mọ fáírọ́ọ̀sì ní ọ̀tá. Tí sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wọ̀ bá ń kú, àwọn ọmọ ogun ara á sáré débẹ̀, wọ́n á sì ba jẹjẹrẹ tí wọn ò fura sí tẹ́lẹ̀. Ogun yẹn náà ní ewu tirẹ̀, torí ọpọlọ máa ń wú, agbárí ò sì láyè. Gìrì gbé àwọn kan, apá kan ara àwọn míì rọ, àwọn dókítà sì ní láti dín ìwọ̀n oògùn náà kù.

Ọdún 2018 ni wọ́n gbé àbájáde jáde, lórí èèyàn 61 tí jẹjẹrẹ wọn ti padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà láàyè. Nínú àwọn aláìsàn àtijọ́ tí wọ́n fi wọ́n wé, ìdá 4 péré ni. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n mo tún ka ìyókù: ìdajì àwọn 61 yìí ti kú kí oṣù 13 tó pé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Àwọn díẹ̀ ló jàǹfààní rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ròyìn ìdá 21, tó fi èyí tó kù pamọ́, kò ṣòótọ́.

Ní Japan, kòkòrò míì ni Tomoki Todo ti Yunifásítì Tokyo lò: fáírọ́ọ̀sì herpes, tó máa ń sú roro sí wa létè lẹ́yìn ibà. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà ṣẹ́ ẹ lápá kó má baà lè gbé inú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá. Wọ́n lè gún un sínú kókó náà tó ìgbà mẹ́fà. Nínú èèyàn 19 tí wọ́n fi dán an wò, 16 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba Japan fọwọ́ sí i, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọpọlọ lágbàáyé. Àmọ́ ọdún méje ni wọ́n fún àwọn tó ṣe é láti fi ẹ̀rí sí i hàn, torí èèyàn 19 ò pọ̀.

Àwọn tó bá ní kí wọ́n má yára ò jẹ̀bi. Lọ́dún 2019, irú ìtọ́jú yìí míì, Toca 511, tí gbogbo èèyàn ń retí, já sí òfo. Aláìsàn 403 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, àwọn tó gba fáírọ́ọ̀sì náà ò sì pẹ́ láyé ju àwọn tó gba ìtọ́jú àtijọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta fáírọ́ọ̀sì inú ìgò fún yín. Oògùn àkánsẹ́nu ọmọdé kì í sì í wo jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbà á nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́rí kì í ṣe kókó inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀fọ́rí bá ń jí èèyàn lójoojúmọ́ tòun ti èébì, tí gìrì bá gbé àgbàlagbà tí kò gbé rí, tí apá kan bá ń rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má gbé e lọ sórí òkè àdúrà kó lọ sùn síbẹ̀ fóṣù mẹ́ta. Ọdún 1962 ni Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, àwọn tó ń ṣe é ò sì tán níbẹ̀ títí dòní. Ẹ gbé èèyàn yín lọ síbẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n yàwòrán orí rẹ̀. Ẹ lè máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.