Ojú ni Ọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ènìyàn ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n lónìí, ojú irin àti ojú òkúta ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ọdún 1874, Ferdinand Braun, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ṣónṣó wáyà kan òkúta galena tí òjé wà nínú rẹ̀. Ó rí i pé iná mànàmáná ń gba ibẹ̀ kọjá sí apá kan ju apá kejì lọ. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í gba iná kọjá tó irin, kì í sì í dí i lọ́nà tó dígí. Sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Níbo ni ìyàtọ̀ náà ti wá? Ojú ibi tí òkúta àti irin gbé pàdé ni.

Ní 1945, William Shockley, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, rò pé bí a bá gbé agbára iná sún mọ́ ojú sílíkọ́nì, iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Wọ́n dán an wò, kò ṣẹ. John Bardeen kò dá ìṣirò náà lẹ́bi. Ó ní àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ti há sí ojú sílíkọ́nì, àwọn ni wọ́n ń dí agbára náà lọ́nà kí ó má wọ inú. Òun àti Walter Brattain tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí, títí wọ́n fi ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá, 1947. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956.

Ẹni tí ń kun ọ̀dà mọ̀ pé a ní láti kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò lára irin. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fa afẹ́fẹ́ inú àgbá jáde títí ó fi ku ìdá kan nínú 1,000,000,000, ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó fún átọ̀mù afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù láti bo ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fà á jáde ní ìlọ́po 10,000 sí i, kí wọ́n lè rí wákàtí díẹ̀ fi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ìdánwò kan bá kùnà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ má ṣe yára nù ún kúrò lójú pátákó. Ẹ jọ wo ojú ohun tí ẹ fi ṣe é. Bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà.