Ilẹ̀ Ohùn nínú Ọkọ̀

Orí ohùn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá dúró lé. Bí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ọkọ̀ tí ń polówó láti Fìdítì dé Ìlọràá bá ń hu bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré, ìtumọ̀ wà nínú ewu. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn rìwáyà ń pè ní ‘earth’, ìyẹn ilẹ̀. Táyà kò jẹ́ kí ọkọ̀ kan ilẹ̀; irin ara rẹ̀, tí a so mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì, ni ilẹ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀dà bá dí iná lọ́nà níbẹ̀, ariwo yóò dà mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ha ọ̀dà náà títí irin yóò fi dán, kí ẹ fi bóòtù de wáyà kúkúrú tí ó nípọn mọ́ ọn pinpin. Nígbà náà ni olùgbọ́ yóò mọ̀ bóyá ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni a ń tà.